Rust kì í tẹ̀ lé ẹrù wọ ọjà

"Ẹ̀gbọ́n, èdè tó bá ń ṣọ́ mẹ́mórì ò lè ṣiṣẹ́ nínú kernel. Á ti lọ́ra jù." Àbúrò kan tó ń tún fóònù ṣe ní Kétu níbí ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Òun nìkan kọ́ ló gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: Rust, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ń ṣọ́ mẹ́mórì, ó sì ti wọ inú kernel.

Mo mọ ibi tí èrò náà ti wá. Java àti Go ń dáàbò bo mẹ́mórì, àmọ́ agbálẹ̀ kan ń rìn kiri bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, tó ń kó ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́ dànù. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ á dúró dè é. Kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló ń bá gbogbo áàpù gba ọ̀nà dé ìdí bátìrì, kámẹ́rà àti mẹ́mórì. Kò ráyè dúró de agbálẹ̀.

Rust ò ní agbálẹ̀ rárá. Ẹ wo Akaba Ìdènà wa, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń yẹ àlejò wò láyé àtijọ́, wọn kì í tẹ̀ lé e kiri ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni compiler Rust, ètò tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ. Kí kóòdù tó di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, á béèrè pé: ta ló ni àyè mẹ́mórì yìí? Ta ló yá a? Ṣé ẹni tó yá a ò ní máa lò ó lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti jọ̀wọ́ rẹ̀? Bí ìdáhùn ò bá gún, kóòdù ò wọlé. Ní ti C, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi tún Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kọ ní 1973, tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ Linux, kernel tó wà nínú fóònù Android, ní 1991, ọrùn ẹni tó ń kọ ọ́ ni gbogbo ìbéèrè yẹn wà. Lóòótọ́, àyẹ̀wò díẹ̀ ṣì wà nígbà tí kóòdù Rust bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń kéré.

Linux 6.1 gba Rust wọlé ní oṣù Kejìlá 2022. Lórí Android, àṣìṣe mẹ́mórì jẹ́ 76% nínú àwọn àlàfo ààbò ní 2019. Nígbà tí wọ́n ti ń fi Rust àti irú rẹ̀ kọ kóòdù tuntun, ó wálẹ̀ sí 24% ní 2024.

Síbẹ̀, Ìdènà wà níbẹ̀ nígbà tí Dàhọ̀mì kó Kétu lọ́dún 1886. Rust náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń pè ní "unsafe", fún iṣẹ́ tí compiler ò lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àlàfo àkọ́kọ́ tó gba nọ́ńbà CVE (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń to àlàfo ààbò sínú ìwé) nínú kóòdù Rust ti Linux ti yọjú, ní oṣù Kejìlá 2025. Ṣùgbọ́n àmì wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ yẹn. Ẹni tó bá ń wá àlàfo mọ ibi tí yóò kọ́kọ́ wò.