Fréjọ̀n: Ilé Ìdáná Àwọn Ìyá Àgùdà Ló Ti Bẹ̀rẹ̀

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìjọ Àgùdà l'Ékòó máa ń mú un láti orí Fáda Francesco Borghero tó wá bẹ ìlú wò lọ́dún 1863, kí wọ́n tó bọ́ sórí Fáda Pierre Bouche tó wá jókòó ti ìjọ lọ́dún 1868. N kò bá wọn jiyàn ọdún. Ohun tí èmi ọmọ Popo Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil padà wá sí Èkó, dì mú ni pé ìgbàgbọ́ ti wà nínú ilé kí Fáda tó dé, àti pé fréjọ̀n, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè fún ọjọ́ Ẹtì Rere, wà lára ohun tó gbé e ró.

Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Màlé, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú, ní Salvador, ní Bahia ní Brazil, lóṣù kìíní ọdún 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan nínú àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ jáde. Ìnira mú àwọn mìíràn wọkọ̀ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí agbègbè Campos, Bámgbóṣé àti Ìgbósẹ̀rẹ̀. Kò sí Fáda, kò sí Máàsì. Pa Antonio, ẹrú tó ti gbòmìnira, tó kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní Bahia, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kátíkísìmù.

Àmọ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ kò tó sọ ọmọ di onígbàgbọ́. Ta ló mú un ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù? Èmi gbà pé ìyá ni. Mo ń rò ó pé rosári á ti kọ́ sára ògiri, ère Ìyá wa Màríà á wà lórí tábìlì kékeré, ìyá á sì máa ka Ẹ kí Màríà bó ṣe ń koná. Nígbà tí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ bá dé, tí ẹran di èèwọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n ń fi omi àgbọn sè ní Bahia ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ̀. Wọ́n ṣì ń sè é níbẹ̀ lásìkò náà títí dòní. Àgbọn sì rèé, ó kún etí òkun wa. Ọmọ á béèrè pé èé ṣe tí kò sí ẹran lónìí, ìyá á sì sọ ti Jésù lórí àgbélébùú fún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìyá àgbà mi á ti rẹ ẹ̀wà láti alẹ́, á sè é títí yóò fi rọ̀ jọ̀kọ̀jọ̀kọ̀, á gún un, á fi asẹ́ sẹ́ èèpo rẹ̀ kúrò. Á rin àgbọn, á fún omi rẹ̀ sí i, á ju kànáfùrù díẹ̀ àti ṣúgà sí i, á wá máa fi ọmọrogùn rò ó lórí iná jẹ́jẹ́ kó má baà jóná nísàlẹ̀. Ọbẹ̀ ẹja àti gàárì ni a fi ń jẹ ẹ́.

Àwọn kan sọ pé àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone padà wá, ló gbé fréjọ̀n wá. Lóòótọ́, wọ́n ń sè é ní Freetown, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ CMS (Áńgílíkà) àti Wẹ́sílì ni ọ̀pọ̀ Sàró tó wá sí Èkó, wọn kì í ṣe Àgùdà. N kò rí ìdí tí a fi máa fi Bahia sílẹ̀ ká lọ máa wá a lọ́dọ̀ wọn.

Nínú àwọn tó ti Brazil dé, Mùsùlùmí pọ̀, ẹbí kan náà sì lè ní oníkẹ́wú àti Àgùdà nínú. Ìdí nìyẹn tí abọ́ fréjọ̀n fi ń wọ ilé Mùsùlùmí lọ́jọ́ Ẹtì Rere, bí ẹran Iléyá ṣe ń wọ tiwa.

Àwọn sísítà dé, ilé ìwé dé, kàtídírà Holy Cross tó wà níbẹ̀ títí dòní parí lọ́dún 1939. Ẹ̀rọ ìlọta ti gba iṣẹ́ odó, àgbọn inú agolo wà lọ́jà, ilé oúnjẹ sì ń tà á fún ẹni tí kò gbààwẹ̀ rárá. Síbẹ̀, nínú ilé wa, a kì í bu ún sábọ́ kí a tó gba Ọ̀nà Àgbélébùú tán ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, àwọn ọmọ ló sì ń ka ibùdó kọ̀ọ̀kan.