Bí gìtá ẹnìkan ṣe di ọ̀pọ̀ nínú àwo orin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Boston

Oṣù Kẹjọ ọdún 1976 ni iléeṣẹ́ olórin Epic gbé àwo orin àkọ́kọ́ Boston, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ti Amẹ́ríkà, jáde, ó sì ti tà tó mílíọ̀nù 17 ní Amẹ́ríkà nìkan. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé agbo onígìtá ló kún inú sítúdíò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tom Scholz, olórí ẹgbẹ́ náà, ẹnjiníà tó kàwé ní yunifásítì MIT tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Polaroid, iléeṣẹ́ kámẹ́rà, ló ta èyí tó pọ̀ jù nínú gìtá àti báàsì rẹ̀, nínú àjà ilẹ̀ ilé rẹ̀ ní Watertown, ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Ẹ̀rọ Scully oní-tráàkì 12 ló fi gbà á sílẹ̀. Tráàkì 12 náà tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí téèpù, a sì lè gba ohùn sórí ọ̀kan láì fọwọ́ kan àwọn tó kù. Ìlù ló sábà máa ń ṣáájú nínú irú iṣẹ́ yìí. Bí onílù bá sáré díẹ̀, kò sí gìtá tó lè tún un ṣe.

Báwo wá ni gìtá òní ṣe ń bá ìlù àná dọ́gba? Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní orí mẹ́ta tí téèpù ń gba iwájú wọn kọjá: ọ̀kan ń pa rẹ́, ọ̀kan ń kọ, ọ̀kan ń kà. Bí olórin bá ń gbọ́ ìlù láti orí tó ń kà, ohùn tuntun tó ń wọlé ní orí tó ń kọ á pẹ́. Ká ní àlàfo orí méjèèjì jẹ́ ínṣì 2, tí téèpù ń sáré ínṣì 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á fi nǹkan bí 0.13 ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́. Etí á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń jẹ́ kí orí tó ń kọ náà ka àwọn tráàkì àtijọ́. Ohùn rẹ̀ kì í dán tó, ṣùgbọ́n ó tó tẹ̀ lé.

Ohun tó sọ gìtá náà di ńlá ni pé Scholz ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, sórí tráàkì méjì: ọ̀kan lọ sí sípíkà òsì, èkejì sí ọ̀tún. Ẹ̀dà tí a kàn dà kọ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ohùn kan náà gan-an bá ti ọ̀tún tòsì jáde, àárín ni etí á gbé e sí, bí ẹyọ gìtá kan. Ìyàtọ̀ kékeré, bí ìka ṣe tẹ okùn, bí ọwọ́ ṣe pẹ́ díẹ̀, òun ló ń fẹ ohùn náà. Bó bá sì pọ̀ jù, ó di rúdurùdu. Brad Delp, akọrin ẹgbẹ́ náà, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn ẹnu: òun ló lé orin, òun náà ló gbè é.

Ámpílífáyà Marshall oníwáàtì 100, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè, kì í ké bó ṣe yẹ àfi tí wọ́n bá yí i dé òkè pátápátá, àjà ilẹ̀ ò sì lè gba irú ariwo bẹ́ẹ̀. Scholz ṣe ẹ̀rọ kan fúnra rẹ̀ tó fi sáàárín ámpílífáyà àti sípíkà. Rẹsítọ̀ inú rẹ̀ ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà di ooru, díẹ̀ ló ń dé sípíkà. Lẹ́yìn náà ló tà á fáráyé ní orúkọ Power Soak. Ẹni tó bá kàn yọ sípíkà láì fi nǹkan rọ́pò rẹ̀ lè jó transformer, ẹ̀yà tó ń gbé iná lọ sí sípíkà, inú ámpílífáyà rẹ̀.

Tráàkì 12 kì í pẹ́ kún. Bó bá kún, wọ́n lè da mẹ́rin pọ̀ sórí ọ̀kan kí àyè lè ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti pòpọ̀ kò ṣeé yà mọ́, ariwo ṣíì téèpù á sì tún ga sí i.

Epic fẹ́ kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ gbà ní sítúdíò ńlá. John Boylan, tó bá Scholz darí iṣẹ́ àwo náà, kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yòókù lọ sí Los Angeles, Scholz ń bá tirẹ̀ lọ nílé. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ìgbohùnsílẹ̀ kan wá láti ìlú Providence, wọ́n na wáyà gba fèrèsé àjà ilẹ̀ wọlé, wọ́n da iṣẹ́ náà kọ sórí téèpù oní-tráàkì 24. Kí irú ìdàkọ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ohùn ìdánwò ló yẹ kó ṣáájú: kìlóhẹ́tìsì 1, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà hẹ́tìsì 100, títí abẹ́rẹ́ mítà ẹ̀rọ méjèèjì á fi dúró sójú kan náà. Bí wọ́n bá fo èyí, dídán ohùn kíńbálì, àwo irin tí onílù ń lù, ló máa kọ́kọ́ kú.