Bí wolé-wolé ṣe ń ṣiṣẹ́ nílùú: láti odò ẹran dé bùkà oníyán l'Ékìtì

Ọ̀pọ̀ èèyàn l'Ékìtì ló rò pé iṣẹ́ wolé-wolé ti bá ayé àtijọ́ lọ, pé ìgbà àwọn bàbá wa ni wọ́n máa ń wọlé onílé wá ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíji wà nínú ẹ̀. Iṣẹ́ náà ò lọ síbì kankan o. Láti 1917 lábẹ́ ìjọba òyìnbó la ti ní òfin ìlera ìlú ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kánsù ló ni àmójútó ọjà, odò ẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìyàgbẹ́ gbogbogbò, ìdọ̀tí kíkó, ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Kánsù 16 ló wà l'Ékìtì, látorí Adó títí dé Òmùò, iṣẹ́ yìí sì wà lọ́rùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti NAFDAC o: oògùn, omi inú ọ̀rá, jùsì inú páálí, gbogbo ohun tó ń gba nọ́ńbà, ti NAFDAC nìyẹn, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná ní bùkà, kánsù ló ni ín.

Odò ẹran ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ lówùúrọ̀, kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí wọ́n yẹ màlúù kan wò. Àkọ́kọ́, nígbà tó ṣì wà lórí ìdúró: ṣé ó ń rìn dáadáa, ṣé itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ṣé ara ẹ̀ gbóná, ṣé ó lóyún. Èkejì, lẹ́yìn tí àwọn alápatà bá ti pa á tí wọ́n sì ti là á. Dókítà ẹran á fọwọ́ tẹ fùkù káàkiri, á wá fi ọ̀bẹ gé àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ sí méjì, torí ibẹ̀ ni ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù ti sábà máa ń fara hàn, inú kókó yẹn á ti di nǹkan funfun bíi wàrà tó gbẹ. Wọ́n á la ẹ̀dọ̀ náà wò bóyá aràn pẹlẹbẹ ti wọ inú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo ló bàjẹ́, wọ́n á gé ibẹ̀ sọnù, tó bá ti tàn kárí ara, gbogbo ẹran yẹn ló lọ, wọ́n á sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ jìn. Èyí tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ fún. Àdánù ńlá ni fún alápatà tó ti náwó rẹpẹtẹ sórí màlúù, mo mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn kan ti máa ń wá ọ̀nà ẹ̀yìn gbé ẹran wọjà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹran máa tijú àtibéèrè òǹtẹ̀.

Tí àwọn wolé-wolé bá dé bùkà oníyán, ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìnkùlé ni. Níbo ni kànga wà, níbo ni ṣalángá wà? Ó kéré tán, mítà 30 ló yẹ kó wà láàárín méjèèjì, kí ìdọ̀tí má baà gba abẹ́ ilẹ̀ wọnú omi. Ọ̀rọ̀ omi yìí ṣe pàtàkì gan-an lọ́dọ̀ wa torí iyán kì í padà sórí iná mọ́ tí wọ́n bá ti gún un tán, omi tí wọ́n ń ta sí i nínú odó kó lè rọ̀, àti ọwọ́ ẹni tó ń kó o sínú abọ́, gbogbo ẹ̀ lọ tààrà sẹ́nu oníbàárà. Ohun tó fà á nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan oúnjẹ, àyẹ̀wò ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀, torí èèyàn lè gbé kòkòrò taifọ́ọ̀dù kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ara ẹ̀ le koko, kó má mọ̀ rárá.

Tí wọ́n bá rí àléébù, ìwé ni wọ́n ń kọ. Ohun tó burú á wà nínú ẹ̀, ohun tí wọ́n ní kó ṣe á wà níbẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n fún un láti fi tún un ṣe. Wọ́n á padà wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Lójú tèmi, ìpadàwá yìí gan-an niṣẹ́, torí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò padà wá bi oníǹkan léèrè, kò yàtọ̀ sí bébà lásán, ẹni tó ni bùkà náà á ká a sábẹ́ àpótí, ó tán. Tí wọ́n bá padà wá tí kò tíì sí àyípadà, ilé ẹjọ́ ló kàn, adájọ́ ló sì máa dá owó ìtanràn, kì í ṣe wolé-wolé. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú nǹkan wá lójú ẹsẹ̀ láìsí risíìtì ò bá òfin lọ, ohun tó burú jù níbẹ̀ sì ni pé ṣalángá yẹn á ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn.

Apá kejì iṣẹ́ yìí ni kí wọ́n tètè mọ̀ tí àrùn bá wọ̀lú. Òṣìṣẹ́ kan wà ní kánsù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní DSNO, òun ló ń gba ìròyìn àrùn látọ̀dọ̀ ọsibítù, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kẹ́mísì, títí kan àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ìyá àgbẹ̀bí, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń kọ́kọ́ lọ. Onígbáméjì àti ibà Lassa ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀, láàárín wákàtí 24 ló yẹ kí ìròyìn wọn kúrò ní kánsù dé Adó, kó sì dé ọ̀dọ̀ NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, l'Ábújá. Tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 15 bá dédé rọ lápá tàbí lẹ́sẹ̀, wọ́n á gba ìgbẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán kí wákàtí 24 wà láàárín méjèèjì, kó má ju ọjọ́ 14 lọ látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi yìnyín gbé e lọ sí lábù Ìbàdàn. Títí dòní ni wọ́n ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n ti kéde pé oríṣi àrùn rọpárọsẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní wild polio ti kúrò ní Áfíríkà.

Ti Lassa kàn wá gbọ̀ngbọ̀n torí Oǹdó tó múlé gbè wá wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ti ń jà jù. Tí wọ́n bá sungbó lọ́gbẹlẹ̀, èkúté á sá wọlé, á tọ̀ sórí gaàrí tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, sórí èlùbọ́, sínú àpò ìrẹsì tí wọn ò dé. Tí ẹnì kan bá ní in, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kàn án sílẹ̀, wọ́n á sì máa wo bí ara wọn ṣe gbóná sí fún ọjọ́ 21.

Tí ilé kan ládùúgbò bá ní èèyàn bíi mélòó kan tó ń ṣu tó ń bì lọ́jọ́ kan náà, ẹ má dúró de wolé-wolé kó tó ya ibẹ̀. Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tàbí ẹ̀ka ìlera ní kánsù, tàbí kẹ́ ẹ pe 6232 ti NCDC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ àdúgbò, iye èèyàn tó ń ṣe, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti omi tí gbogbo wọn jọ ń mu.