Sunny Ade ò bẹ̀rẹ̀ orin ní 1982 o

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, àmọ́ n ó tún sọ ọ́. Sátidé tó kọjá a lọ síbi òkú kan nílùú Oǹdó, Oǹdó tó jẹ́ pé ìdílé ọba ibẹ̀ ni Sunday Adéníyì Adégẹyè, ìyẹn Sunny Ade olórin jùjú, ti wá bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òṣogbo ni wọ́n bí i sí. Díjéè gbá máìkì mú, ó ní ká pàtẹ́wọ́ fún King Sunny Ade tí àwọn òyìnbó ṣàwárí ní 1982, pé ọdún yẹn ló ṣe àwo àkọ́kọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn bàbá tó jókòó lábẹ́ kánópì, tí wọ́n ti ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù Sunny kí wọ́n tó bí díjéè yìí, àwọn náà pàtẹ́wọ́! Ìyẹn ló dùn mí jù. Níbi tí mo ti ń gẹrun l'Árákàlẹ̀ níbí l'Ákùúrẹ́, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ.

Àwo tí wọ́n ń wí náà wà lóòótọ́. Juju Music lorúkọ ẹ̀, Island Records ló gbé e jáde, iléeṣẹ́ tó ń gbé Bob Marley jáde kó tó kú ní 1981. Àwo gidi ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kọrin ìdárò Murtala Muhammed, ọdún 1976 ni wọ́n sì pa Murtala. Ó tún ṣe àwo fún FESTAC 77, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ṣe l'Ékòó ní 1977. Ẹni tí ò tíì bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ ṣèyẹn? Kódà nínú Juju Music fúnra ẹ̀, "Ẹ jẹ́ n lọ gba ara mi" tó wà níbẹ̀, a ti gbọ́ ọ nílé ní 1980.

Bí mo bá ti sọ èyí, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí kọ́pì 13 péré ló tà kí òyìnbó tó dé."

Kọ́pì 13 yìí! Ẹ jẹ́ ká dúró síbẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe náà ti ń wá. Ìtàn kọ́pì 13 wà, gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́, àmọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ, ìyẹn "Aláàánú l'Olúwa" ti 1967, lábẹ́ African Songs, iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó jẹ́ ti Chief Bolarinwa Abioro. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́yìn Moses Olaiya ni nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni, Baba Sala tí a mọ̀ sí aláwàdà, òun ló ni ẹgbẹ́ Federal Rhythm Dandies tí Sunny ti ń ta gìtá. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tiẹ̀ sílẹ̀, ta ló fẹ́ rà á? Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó kọ "Challenge Cup" fún Stationery Stores, tíìmù bọ́ọ̀lù Èkó tó gba ife yẹn ní 1967 àti 1968, rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn sì tà wàràwàrà. Ọdún kan péré ló wà láàárín kọ́pì 13 àti orin tó gbòde. Wọ́n wá fà á gùn títí tó fi dọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bíi pé láti 1967 ló ti jókòó sílé tó ń retí ọkọ̀ òfuurufú.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń wo lébẹ́ẹ̀lì, ìyẹn bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín rẹ́kọ́ọ̀dù, wọn ò sì mọ̀ pé orúkọ ẹgbẹ́ ẹ̀ yí padà. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi ṣì wà lábẹ́ béèdì. Ọ̀kan wà níbẹ̀, àwọn kékeré tó ń jẹ́ fóòtì-fáìfù, ihò àárín ẹ̀ ti fẹ̀ torí réédíògrámù ti jẹ ẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ti sán díẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ẹ̀ ni Sunny Ade and His Green Spots. Kò sí King níbẹ̀, kò sí African Beats. Bàbá mi fi báírò búlúù kọ "Akure 24/12/70" sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ọdún Kérésì ló rà á. Ẹ rí i, Green Spots lẹgbẹ́ náà ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ tó máa rán yín létí Blue Spots, ẹgbẹ́ I.K. Dairo tóun náà jẹ́ olórin jùjú, láàárín àwọn ọdún 1970 ló tó di African Beats. Torí náà, ibi tẹ́ ẹ bá ti rí Green Spots, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ kó tó kan òyìnbó kankan.

Íntánẹ́ẹ̀tì ló tún wá dà á rú. Ọdún tí wọ́n tún àwo tẹ̀ sí CD tàbí tí wọ́n gbé e sórí app ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Élípì jùjú láyé ọjọ́un, ìyẹn rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá, ojú kan ló máa ń lọ láìdúró, orin mẹ́rin márùn-ún á wọnú ara wọn, ẹni tó bá gbé e sókè á wá fún gbogbo ẹ̀ lórúkọ kan. Ẹ wá orin kejì lọ, ẹ ò ní rí i. Synchro System ti 1983 ni gbogbo ayé mọ̀, bẹ́ ẹ bá wá rí Synchro System Movement tó jáde ní 1976, ẹ máa rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe.

Mi ò ní Island ò ṣe nǹkan kan o. Àwọn ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, Grammy sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du àmì ẹ̀yẹ. Bóyá ohun tí àwọn kan ní lọ́kàn bí wọ́n bá ní "ó bẹ̀rẹ̀" nìyẹn, kí wọ́n kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó ń wọlé wọlé ra rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ ti ń dé Àkúrẹ́, wọ́n á gbé odidi àpótí, wọ́n á fún màmá àgbà lówó tí ò tó nǹkan. Ẹ ka lébẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn, ẹ fi fóònù ya á, torí ọ̀pọ̀ àwọn kékeré yẹn ò sí níbì kankan mọ́.

Mo lọ bá díjéè yẹn lẹ́yìn ìjẹun, mo fi fọ́tò rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi hàn án. Ó wò ó, ó sún un tóbi, ó ní, "Bọ̀dá, ṣé Sunny kan náà ni Green Spots yìí?" Mo ní òun ni. Ó dákẹ́, ó wá ní kí n fi ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp.