Ẹ̀tọ́ Oníkáàdì Ọgọ́rùn-ún Náírà

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ síìmù ní Ìlọrin, ìbáà jẹ́ ní Pósítọ́fíìsì, ní Chálẹ́ǹjì tàbí ní Gáréèjì Ọ̀fà, gbólóhùn kan náà ló ń gbọ́ látàárọ̀ dalẹ́: "Wọ́n tún ti jẹ káàdì mi." Ohun tó ń bíni nínú ni pé kí oníbàárà tó dé, á ti kọ́kọ́ ṣe tinú ẹ̀. Á ti ṣẹ́ síìmù sí méjì, á ti ra òmíràn. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń fa owó òun láti ilé kejì, á ti gbàdúrà sí fóònù. Àjẹ́ kì í jẹ káàdì. Ìlànà tí ẹ fọwọ́ sí láìmọ̀ ló ń jẹ ẹ́, ìlànà ọ̀hún yóò sì bá yín dórí síìmù tuntun bí ẹ bá tún fọwọ́ sí i níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ mọ iye tí oníkálukú ń ná lóṣù. Ẹni tó ń ná púpọ̀ máa ń tètè rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ra káàdì wẹ́wẹ́ ní Ìpàta tàbí ní Òmù-Àrán, ohùn ẹ̀rọ ni tirẹ̀: tẹ ení, tẹ èjì, títí yóò fi sú u. Kò dáa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyà tó ju èyí lọ ni pé ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ń wọ́n oníkáàdì kékeré ju olówó lọ.

Ẹ wo yíyá káàdì. Wọ́n sábà máa ń yọ 15 nínú 100. Ẹ yá ₦100, ẹ gba ₦85, ₦100 ni wọn yóò yọ nígbà tí ẹ bá tún ra káàdì. Ẹni tó bá ń yá a ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ìgbà mẹ́wàá lóṣù nìyẹn, ₦150 ti lọ láìpe ẹnikẹ́ni. Olówó tó ra ₦10,000 lẹ́ẹ̀kan kì í yá. Báńkì orí fóònù náà ńkọ́? Láti oṣù kẹfà ọdún 2025, orí káàdì ni wọ́n ti ń yọ owó kóòdù báńkì, ₦6.98 fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, ₦97.72. Ẹni tó bá ń yẹ bálánsì wò láràárọ̀ àti lálaalẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ni ọgọ́rùn-ún náírà rẹ̀.

Orin ìpè, ìròyìn bọ́ọ̀lù àti ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" fún, *305# ni ẹ ó fi já wọn kúrò. Ti àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó, ẹ kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Bí ẹ bá sì ń ra dátà, tí wọ́n bi yín bóyá kó máa ra ara rẹ̀ padà, ẹ mú ẹ̀ẹ̀kan péré.

Bónọ́ọ̀sì ló ń pa yín jù, kí ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ẹ mú puláànì méjì, ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Ti àkọ́kọ́ kò fún yín ní bónọ́ọ̀sì kankan, kọ́bọ̀ 20 ló ń yọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ₦12 ní ìṣẹ́jú kan. Káàdì ₦100 yóò fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ti èkejì sọ ₦100 yín di ₦300, inú yín dùn, ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ 60 ló ń yọ. ₦36 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Ẹ pín 300 sí ọ̀nà 36: ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú àáyá, kò lé, kò dín. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé owó bónọ́ọ̀sì ní ọjọ́ tí yóò kú. Bí ọjọ́ méje bá pé, tí ẹ kò tíì lò ju ìdajì lọ, ìdajì tó kù ti di ti ilé iṣẹ́. Ẹni tó ń na owó púpọ̀ yóò ti lò ó tán lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ọ ná ni yóò kú mọ́ lọ́wọ́.

Bí ẹ ó ṣe mọ iye tí puláànì yín ń yọ gan-an: ẹ tẹ *310#, ẹ kọ bálánsì sílẹ̀, ti owó gidi lọ́tọ̀, ti bónọ́ọ̀sì lọ́tọ̀. Ẹ pe ènìyàn, ẹ wo aago, ẹ gé e ní ìṣẹ́jú kan géérégé. Ẹ tún tẹ *310#. Ẹ pín ohun tó dín sí ọ̀nà 60. Bó bá dín ní ₦15, kọ́bọ̀ 25 ni. Ẹ tún un ṣe ní kíákíá lọ́jọ́ kan náà, torí àwọn puláànì kan wà tí ìpè àkọ́kọ́ ojoojúmọ́ wọn máa ń gbówó lé ju ti ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá dán ẹyọ kan ṣoṣo wò, ìṣirò rẹ̀ lè má tọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò lórí puláànì náà, ìyípadà àkọ́kọ́ nínú oṣù sábà máa ń jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹ sì yé gé ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àáyá 55 nítorí pé ìṣẹ́jú fẹ́ pé. Láti 2003 tí Glo ti dé ni ìṣirò ìṣẹ́jú àáyá ti wọlé. Ohun tí ẹ bá sọ ni ẹ ń san, jẹ́ kí ẹni yẹn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó ń ta "kóòdù dátà ọ̀fẹ́" ní Tankẹ́, olè ni wọ́n. Kò sí kóòdù bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta síìmù tí wọ́n ti forúkọ ẹlòmíràn sí burú jù wọ́n lọ: lọ́jọ́ tí fóònù bá sọ nù, NIN ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀, kò sí bí ẹ ó ṣe ṣe welcome back, ìyẹn gbígba nọ́ńbà yín padà sórí síìmù tuntun. Iṣẹ́ síìmù níwèé, ó lófin, àwa tí a ń fi ìka oníbàárà tẹ ẹ̀rọ mọ ohun tí a ń ṣe. Ẹ má kó wa pọ̀ mọ́ àwọn wọ̀nyẹn.

Bí wọ́n bá jẹ yín níyà, ẹ pe 300, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ síìmù yín. Lóru ló máa ń rọrùn. Ẹ sọ ọjọ́, aago àti iye owó, kí ẹ má kàn máa pariwo. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá ṣe é, ẹ pe 622, ti NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Wọn kì í béèrè iye tí ẹ ń ná lóṣù.

Èyí tó ń ba ni lẹ́rù jù kò kan káàdì rárá. Ní abúlé àti ìlú wa lápá gúúsù Kwara, fóònù màmá bà jẹ́, ọmọ ra òmíràn pẹ̀lú láìnì tuntun láti Èkó, wọ́n ju ti àtijọ́ sínú àpótí. Láìnì àtijọ́ yẹn ló wà ní báńkì. Ìlànà NCC ni pé láìnì tí kò bá mú owó wọlé fún oṣù mẹ́fà, ilé iṣẹ́ lè tì í pa. Bó bá tún pé oṣù mẹ́fà sí i, nọ́ńbà náà lè bọ́ mọ́ màmá lọ́wọ́, kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ àjèjì ni aláàtì màmá ń bọ́ sí, àti kóòdù ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ń dá a mọ̀. Bí ọkàn àjèjì náà kò bá mọ́, owó àjọ, owó ìsìnkú, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ, màmá kò sì ní gbọ́ ohùn aláàtì kankan. Oníkáàdì kékeré ni irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí, torí ó ṣọ̀wọ́n kí olówó lo oṣù mẹ́fà láìpe ènìyàn.

Nítorí náà, láìnì èyíkéyìí tó bá so mọ́ báńkì, ẹ fi pe ènìyàn lóṣooṣù, ó kéré tán kí ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́. Ẹ má rò pé ẹ ti ṣe é tán torí ẹ ra káàdì sí i, kí ẹ ná an. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́, ẹ lè ní kí ilé iṣẹ́ bá yín gbé nọ́ńbà náà pamọ́. Bí ẹ ò bá sì fẹ́ láìnì náà mọ́, ẹ mú màmá lọ sí báńkì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú NIN rẹ̀, kí wọ́n yí nọ́ńbà orí àkáǹtì padà, kí wọ́n tún yí ti orí BVN, torí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Inú báńkì ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe lọ́dọ̀ oní-POS ìdí ọjà.