Creatine: oúnjẹ ni, oògùn ni, àbí ó fẹ́ ba kíndìnrín wa jẹ́?

Ìròyìn méjì ló pàdé ara wọn lórí fóònù àwọn ará Ìlọrin, wọn ò sì gbọ́ ara wọn yé. Èkíní ní ìyẹ̀fun funfun tí àwọn ọmọ jímù ń pò mu, tó ń jẹ́ creatine, ti di oògùn ọpọlọ àti ti ọkàn. Èkejì jẹ́ ohùn kan tó ń kiri lórí WhatsApp: ẹni tó bá ń mu ún, kó yáa máa tọ́jú owó tí wọ́n máa fi bá a fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé, láti Tanke títí dé Ọ̀mù-Àrán. Díẹ̀ rèé nínú wọn.

Kí ni creatine gan-an?

Ohun tó wà lára yín báyìí ni, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì fẹsẹ̀ kan jímù rí. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń bá wa ṣe é. Lára ẹni tó wọn 70 kílò, gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi 120 gíráàmù, ìdá 95 nínú 100 rẹ̀ ló sì wà nínú iṣan ara. Lójoojúmọ́, bíi gíráàmù 2 ń bàjẹ́, ó ń bá ìtọ̀ lọ. Ara ń ṣe bí ìdajì rẹ̀ padà, ẹran àti ẹja tí à ń jẹ ló ń dí àlàfo tó kù. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ ará Faransé, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ nínú ẹran ní 1832, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹran ló sì fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ wo wá ló ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká ya ọjà Ìpàta ná. Ìyá aláta kan jókòó, owó díẹ̀ ló wà nínú àpò ìbàdí rẹ̀. Oníbàárà dé pẹ̀lú owó ńlá, ṣéńjì ló ń fẹ́, ọlọ́kadà tó gbé e wá sì ti ń fọn fèrè. Ìyá lówó ní báńkì o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gbowó ní báńkì yóò tò. Kí ló máa ṣe? Ó na ọwọ́ sí aláta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ka ṣéńjì fún un lójú ẹsẹ̀, oníbàárà bá tirẹ̀ lọ. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ìyá á dá owó olówó padà.

Owó inú àpò ìbàdí yẹn ni ATP, ohun tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń ná kó tó lè ṣe ohunkóhun. Kì í pọ̀ nílẹ̀. Èyí tó wà nínú iṣan kò lè gbé eré àsápajúdé kọjá ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ṣúgà àti ọ̀rá tí ara kó pamọ́ ni owó báńkì: ó pọ̀ lóòótọ́, ó ń pẹ́ kó tó tẹni lọ́wọ́. Aláta ẹ̀gbẹ́ ni creatine. Tí ATP bá ti ná ọ̀kan nínú fọ́sífétì rẹ̀, ìyẹn èròjà tó so mọ́ ọn bí ẹyọ owó, ó di ADP, kò wúlò mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Creatine tó ti gbé fọ́sífétì dání yóò fún un ní tirẹ̀, ADP á sì tún di ATP. Alágbàtà àárín wọn ni ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ creatine kinase. Ọ̀nà yìí lè gbé agbára tó ga jù lọ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹni tó bá ti gún iyán rí mọ ibẹ̀: ibi tí ọmọ odó ti ń fò fẹ́rẹ́, kí èémí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹṣin tó ń já lọ níwájú ààfin lọ́jọ́ Durbar, ibẹ̀ náà ló ti ń ná. Tí a bá dúró simi, oúnjẹ àti atẹ́gùn tí à ń mí sínú á san gbèsè náà.

Ṣé sítẹ́rọ́ìdì ni, oògùn họ́mónù tí àwọn kan fi ń wú iṣan?

Rárá, kò sì sí lára ohun tí àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró nínú eré ìdárayá lágbàáyé kà léèwọ̀.

Wọ́n ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Creatine inú ike kì í ti ara ẹran kankan wá. Kẹ́míkà méjì, sarcosine àti cyanamide, ni ilé iṣẹ́ ń pò pọ̀ tí wọ́n fi ń rí i. Ibi tó yẹ kí ẹ ti la ojú ni ti oníkápúsù: gelatin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe awọ kápúsù, gelatin sì lè ti ara màlúù wá, ó lè ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ẹ ka ara ike náà. Ìyẹ̀fun lásán kò ní wàhálà yẹn. Ní ti fátíwà, kì í ṣe iṣẹ́ mi, Ìlọrin kò sì ṣaláìní àlùfáà.

Ṣé a ò lè rí i jẹ nínú oúnjẹ wa?

A lè rí i. Kílò kan ẹran màlúù tútù ní bíi gíráàmù 4 sí 5. Ẹja herring, èyí tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ń pè ní ṣawa, tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síse máa ń dín in kù díẹ̀. Ẹ̀wà, iṣu àti ẹ̀fọ́ kò ní tó ohun tí à ń kà. Wàrà ńkọ́? Ó dùn mí láti sọ ọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n creatine inú mílíìkì kéré gan-an, wàrà ò lè gbà wá. Ẹni tó bá sì ń jẹ ẹran kílò kan lójúmọ́ láyé tí a wà yìí, kó jọ̀ọ́ kó fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Ṣé lóòótọ́ ló ń mú iṣan lágbára?

Níbí ni ẹ̀rí ti nípọn jù. Láti 1847 ni Justus von Liebig, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ti sọ pé creatine ara kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ inú igbó tí ajá lé títí pọ̀ ju ti èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ lọ. Ní 1992, Roger Harris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé téèyàn bá mu ún fún ọjọ́ díẹ̀, ó ń wọ inú iṣan lóòótọ́, pàápàá lára ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e kò lóǹkà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ọ yé o. Creatine kì í fúnra rẹ̀ kọ́ iṣan. Ó ń jẹ́ kéèyàn lè gbé irin ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì sí i kó tó rẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ àfikún yẹn ló ń kọ́ iṣan. Ẹni tó mu ún tó lọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ilé ìtọ̀ ló ń gbé owó rẹ̀ lọ. Kílò kan tàbí méjì tí ẹ máa fi wọ̀n sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi tí iṣan fà mọ́ra ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ má tíì pe fótógíráfà.

Àwọn àgbàlagbà náà ń jàǹfààní díẹ̀ tí wọ́n bá fi eré ìdárayá alágbára kún un. Eré ìdárayá ni mo sọ, kì í ṣe ìyẹ̀fun nìkan.

Ọmọ mi fẹ́ kọ JAMB. Ṣé kí n rà á fún ọpọlọ rẹ̀?

Ẹ fi owó yẹn ra ìwé. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọpọlọ kò ju bí ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara lọ, ṣùgbọ́n òun nìkan ń jẹ bí ìdá 20 nínú 100 agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. Ó nílò creatine, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú àbùkù tí kò jẹ́ kí ara wọn lè ṣe é: ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu wọn, gìrì sì lè máa gbé wọn. Irú wọn kan wà tó jẹ́ pé tí dókítà bá tètè fún wọn ní creatine, nǹkan á yí padà.

Ìyẹn jẹ́ ti ẹni tí kò ní. Ti ẹni tó ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ìròyìn tó da ìlú rú wá láti Jámánì ní 2024. Èèyàn 15 péré ni, wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n fún wọn ní creatine lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì jẹ́ kí ọpọlọ wọn yá díẹ̀ sí i ju ti àkókò tí wọ́n mu ayédèrú rẹ̀, èyí tí kò ní creatine nínú. Ìwọ̀n tí wọ́n lò, fún ẹni tó wọn 70 kílò, tó gíráàmù 24, ìlọ́po márùn-ún èyí tí àwọn ọmọ jímù ń mu. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti fò dé orí oògùn ìgbàgbé. Wọ́n sì ti gbìyànjú rẹ̀ níbi tó le rí: àwọn 1,741 tó ní Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n, ni wọ́n yẹ̀ wò, gíráàmù 10 lójúmọ́, wọ́n sì tètè dá ìwádìí náà dúró nítorí kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Kò dé orí WhatsApp.

Fún JAMB, kí ọmọ sùn.

Baba mi ní àìsàn ọkàn. Ṣé ó lè mu ún?

Dókítà rẹ̀ ni kí ẹ bi, kó má sì tìtorí rẹ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé ọkàn ń lu bí ìgbà 100,000 lójúmọ́, pé ó ń lo creatine, àti pé creatine inú ọkàn tó ń rẹ̀ máa ń dín kù. Ṣùgbọ́n bíbu ìyẹ̀fun sẹ́nu kò sọ pé yóò dé ibẹ̀ ṣàtúnṣe. Ní Sweden ní 1995, wọ́n fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní creatine: ẹsẹ̀ wọn lágbára díẹ̀ sí i, bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde kò yí padà.

Ó dáa. Kíndìnrín ńkọ́?

Ẹ̀rù yìí ní orísun, orúkọ ló sì dá a sílẹ̀. Creatine ni ìyẹ̀fun. Creatinine ni ìdọ̀tí tó ń kù nígbà tí creatine bá ti gbó. Wọn kì í ṣe ohun kan náà, bí Ọ̀fà tó jẹ́ ìlú kò ṣe jẹ́ ọfà tí ọdẹ ń ta.

Kíndìnrín ló ń gbé creatinine dànù. Nítorí náà, tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, láàbù á wọn iye creatinine tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Tó bá pọ̀, wọ́n á fura. Ṣùgbọ́n ohun méjì ló lè mú kí ààtàn ga: ó lè jẹ́ pé akólẹ̀ kò wá, ó sì lè jẹ́ pé àwọn ará ilé náà ṣe ìnáwó lánàá. Ká ní ọ̀dọ́kùnrin kan ní Tanke, apá rẹ̀ ki bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ó ń mu creatine, ó sì ti jẹ ẹran nígbà ìdáná ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, ìwé lè pariwo, kí kíndìnrín rẹ̀ sì wà ní pípé.

Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún, kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ yín. Àyẹ̀wò míràn wà tó ń jẹ́ cystatin C, tí creatine kì í dà rú. Wọ́n sì lè wo ìtọ̀ bóyá purotéènì ń jò sínú rẹ̀. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ní ìwọ̀n tó yẹ, ìwádìí kò tíì rí i pé creatine ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ní àìsàn tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí: kó jìnnà sí i, àfi tí dókítà bá ní kó mu ún.

Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ tó ń sá fún creatine ló ń fi diclofenac àti ibuprofen ṣe ìpápánu nítorí ẹ̀yìn ríro. Àwọn yẹn lè ba kíndìnrín jẹ́ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì gba ohùn sílẹ̀ lórí wọn.

Ṣé ó ń pa irun?

Ìwádìí kan ní Gúúsù Áfíríkà ní 2009, lára àwọn agbábọ́ọ̀lù rugby 20, ló rí i pé họ́mónù kan tó kan irun gbéra. Ẹnikẹ́ni kò wo irun wọn. Ẹni tí baba rẹ̀ bá jẹ́ apárí, kó lọ bi baba rẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 16, ti ra ike kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má lù ú, ìyá. Kì í ṣe igbó ló ń mu. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i fún irú ọjọ́ orí rẹ̀, èmi náà ò sì rí ohun tó ń kánjú sí. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti oorun kò tíì kùnà lára ọmọ ọdún 16. Ẹ gba ike náà, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára rẹ̀: nígbà míì kì í ṣe creatine nìkan, wọ́n ti pò ó mọ́ kaféènì tó pọ̀, èyí tó lè mú kí àyà rẹ̀ máa já.

Báwo ni kí àgbàlagbà ṣe lò ó, níbo ló sì ti yẹ kó rà á?

Gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́ tó. Ṣíbí tíì kan ni. Àwọn kan ń mu 20 fún ọ̀sẹ̀ kan kí ó lè tètè kún. Kò pọn dandan, inú sì lè máa run wọ́n. Ẹni tó ń mu 3 á débẹ̀ ní bí oṣù kan. Nígbà ààwẹ̀, ẹ mu ún nígbà sààrì tàbí ìṣínu, èyí tó bá rọrùn, kì í ṣe oògùn tí aago ń lé.

Èyí tí wọ́n kọ creatine monohydrate nìkan sí lára ni kí ẹ rà, kí ó ní nọ́ńbà NAFDAC, kí ìdè rẹ̀ má sì tíì já. Èyí tí wọ́n ń bù sínú ọ̀rá tà nídìí jímù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bù ú. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

Ṣé mo lè pò ó mọ́ ògì lálẹ́, kí n mu ún láàárọ̀?

Ẹ pò ó láàárọ̀, kí ẹ mu ún láàárọ̀. Creatine tó bá ti wọ omi kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, bí nǹkan bá sì ṣe kan tó ló ń yá tó. Ohun tó ń yí padà dà náà ni creatinine.