Kọ́tísọ́ọ̀lù àti aago ara ọmọ

Kọ́tísọ́ọ̀lù ni hòmóònù tí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù, ebi tàbí àìsàn bá dé. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń pè é ní hòmóònù másùnmáwo, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò gba gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọkàn ẹni tilẹ̀ balẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń ga tó sì ń lọ sílẹ̀: ó máa ń pọ̀ jù láàárọ̀, kété lẹ́yìn tí ènìyàn bá jí, ó sì máa ń kéré jù ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ òru.

Inú ọpọlọ ni aago àgbà tó ń darí rẹ̀ wà. Kò ju nǹkan bí ọ̀kẹ́ kan sẹ́ẹ̀lì lọ, ìyẹn 20,000, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló sì ń tò ó. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún kò fi wákàtí kan ju èyí tó kúrú jù lọ. Oòrùn ibẹ̀ kì í da aago yìí rú. Iná mànàmáná, fóònù àti iṣẹ́ òru ló ń dà á rú.

Ẹ̀dọ̀, ọkàn àti kíndìnrín náà ní aago tiwọn. Kọ́tísọ́ọ̀lù ló ń sọ àkókò fún wọn, bí akéde tí ń lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò. Aago àgbà fúnra rẹ̀ kì í gbọ́ agogo yìí lára àgbàlagbà, nítorí náà ìdààmú lè mú kí ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ máa ka àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Aago ìyá ni ọmọ inú ń lò. Mẹlatóníìnì, hòmóònù òru, ń gba inú ibi ọmọ kọjá láìsí ìdíwọ́, àmọ́ ibi ọmọ máa ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́tísọ́ọ̀lù ìyá di aláìlágbára kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù ọmọ fúnra rẹ̀ á ga, á sì mú kí ẹ̀dọ̀fóró gbó. Orí èyí ni àwọn dókítà Liggins àti Howie ní New Zealand gbé iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1972 kà, lórí abẹ́rẹ́ oògùn tó jọ kọ́tísọ́ọ̀lù fún aláboyún tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè wá sáyé.

Ní ọjọ́ kẹjọ, tí wọ́n bá ń sọ ọmọ lórúkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìkẹ́nnẹ́, ọmọ náà kò tíì mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ó sábà máa ń tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ tó máa ga láàárọ̀. Ti ọmọ mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wàrà ìyá ń bá a ka àkókò: ti àárọ̀ ní kọ́tísọ́ọ̀lù púpọ̀, ti òru ní mẹlatóníìnì.

Tí ọmọ bá bàlágà, mẹlatóníìnì alẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí pẹ́ kó tó dé. Oorun á wá pẹ́ lójú ọmọ ọdún 15, agogo ilé-ìwé kò sì sún síwájú nítorí tirẹ̀.